Gíríìn tíì àti ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀: ibi tí agbára ife mọ, ibi tí ewu kápúsù ti bẹ̀rẹ̀

Ní Adó-Èkìtì lónìí, gíríìn tíì kò ṣòro rí. Ó wà lórí àtẹ ní Ọjà Bísí, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta oògùn òyìnbó, ó sì ń bá àwọn ènìyàn nílé lórí WhatsApp láràárọ̀: ó ń fọ ẹ̀dọ̀, ó ń fa ikùn wọlé, ó ń yọ́ ọ̀rá bí ẹni yọ́ òrí sórí iná. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sìkáànì fún, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀rá ti wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, irú ìpolówó yìí ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé kó tó padà dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò tó ariwo rẹ̀. Gíríìn tíì tí a fi omi gbígbóná rẹ nínú ife lè ran ẹ̀dọ̀ tó lọ́ràá lọ́wọ́ díẹ̀, àgàgà bó bá jẹ́ ipò mínírà tàbí mọ́ọ̀tì ló gbà. Èyí tí wọ́n fa agbára rẹ̀ jáde, tí wọ́n dì sínú kápúsù, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn jẹ́, ó sì wà lákọsílẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni kò hàn sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká wa lára.

Bí ọ̀rá ṣe ń dé inú ẹ̀dọ̀

Ẹ wo àká iṣu. Àgbẹ̀ tó kórè tí àká rẹ̀ gba ohun tó kó wálé kò ní wàhálà. Bí àká bá kún tí iṣu kò dẹ́kun wíwọlé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò bọ́ sí iyàrá tí ènìyàn ń sùn. Abẹ́ awọ ni àká ọ̀rá nínú ara. Nígbà tí oúnjẹ bá ju ohun tí ara ń lò lọ fún ọdún púpọ̀, àká náà a kún, ọ̀rá a wá máa wọ ibi tí kì í ṣe ilé rẹ̀: a yí ìfun ká nínú ikùn, a sì wọ inú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ tún ń sọ ṣúgà tó bá ṣẹ́kù di ọ̀rá. Ṣúgà inú mínírà ló burú jù níbí, nítorí apá rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní fructose, ẹ̀dọ̀ ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá náà ní ọ̀rá díẹ̀. Bí ó bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ ni ó di àrùn. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é ní NAFLD. Ní ọdún 2023 ni àwọn ẹgbẹ́ dókítà ẹ̀dọ̀ lágbàáyé yí orúkọ rẹ̀ sí MASLD. Orúkọ àtijọ́ kàn ń sọ pé kì í ṣe ọtí ló fà á ni. Èyí tuntun ń tọ́ka sí ohun tó fà á gan-an, ìyẹn ara tó sanra jù, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tó ga, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Nínú àgbà mẹ́wàá láyé yìí, bíi mẹ́ta ló ní i.

Kì í dunni. Ibẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀ wà. Ọ̀rá lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ọdún 10 tàbí 20 láìfi ara hàn. Lára àwọn kan kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀dọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á máa kú, àpá á máa rọ́pò wọn, títí ẹ̀dọ̀ á fi gan bí igi. Láti ibẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kò jìnnà mọ́.

Àrùn yìí yàtọ̀ sí èyí tí a ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń fà. Ṣùgbọ́n wọ́n lè pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé bíi 8 nínú 100 ló ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B. Ẹni tí ọ̀rá bá wà lẹ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò HBsAg pẹ̀lú, èyí tó ń wá irú B yìí nínú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá ní i, kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Tíì kankan kò lè lé fáírọ́ọ̀sì yẹn.

Láàrin wa, ikùn tó yọ síwájú la fi ń mọ ẹni tí ayé yẹ, bùbá àti agbádá sì ń bá a bo ara rẹ̀. Téèpù télọ̀ kì í tan ènìyàn. Ẹ bọ́ ẹ̀wù, ẹ wá agbedeméjì egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, ẹ yí téèpù ká ibẹ̀, ẹ mí jáde, kí ẹ tó kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé. Ọkùnrin tó bá ju ínṣì 37 lọ, obìnrin tó bá ju ínṣì 31 àti ààbọ̀ lọ, ti wà lára àwọn tó yẹ kó lọ ṣe àyẹ̀wò, àgàgà bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún wà níbẹ̀.

Ní Èkìtì, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà wà ní Adó, òmíràn wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ lè ṣe sìkáànì ikùn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mọ̀ dájú pé sìkáànì kì í rí ọ̀rá tó kéré. Ó di ìgbà tí ọ̀rá bá tó ìdá 20 sí 30 nínú 100 kó tó hàn kedere. Sìkáànì kan náà kò sì lè sọ bóyá àpá ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò kan wà fún ìyẹn tí wọ́n ń pè ní FIB-4, ohun mẹ́rin péré ló ń lò: ọjọ́ orí, AST àti ALT (ẹ́ńsáìmù méjì tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń fara pa), àti iye platelet inú ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì). Ẹ fi ọjọ́ orí sọ AST di púpọ̀. Ẹ wá nọ́ńbà tí a fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó fún wa ní ALT, kí ẹ fi platelet sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí kejì pín èyí àkọ́kọ́.

Bí àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 50 tí AST rẹ̀ jẹ́ 40, tí ALT rẹ̀ jẹ́ 49, tí platelet rẹ̀ jẹ́ 200. 50 lọ́nà 40 jẹ́ 2,000. 7 lọ́nà 7 ni 49, nítorí náà 7 la ó mú. 7 lọ́nà 200 jẹ́ 1,400. 2,000 tí a fi 1,400 pín jẹ́ 1.43. Ohun tí kò bá tó 1.3, ọkàn lè balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó bá ju 2.67 lọ, ó yẹ kí onímọ̀ ẹ̀dọ̀ rí i láìpẹ́. Ẹni tiwa yìí wà láàrin, àyẹ̀wò tó ń wọn líle ẹ̀dọ̀ ló kàn án. Fún ẹni tó ti lé ní 65, 2.0 la fi ń rọ́pò 1.3, ìṣirò náà kò sì ṣe é gbára lé fún ẹni tí kò tíì pé 35.

Ewé tíì wo là ń sọ?

Ọ̀pọ̀ ilé lókè wa, bí a bá dárúkọ ewé tíì, koríko ọba ni ọkàn wọn lọ sí, èyí tí à ń sè fún ibà. Kì í ṣe òun. Koríko ni ìyẹn. Igi kékeré ni tíì tí à ń sọ yìí, Camellia sinensis lorúkọ rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ọ̀kan kò ṣe é gbé lé èkejì lórí. Ẹ má ṣe fi Milo tàbí Bournvita kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "tíì" la ń pe gbogbo wọn lórí tábìlì àárọ̀.

Igi kan náà ló ń fún wa ní Lipton dúdú àti gíríìn tíì. Ìtọ́jú lẹ́yìn jíjá ló yà wọ́n. Ti dúdú, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pa ewé náà dà kó tó gbẹ. Ti gíríìn tíì, wọ́n tètè fi ooru pa ohun tó ń yí i padà, kí àwọ̀ ewé má baà lọ. Ní Nàìjíríà, orí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba ni wọ́n ti ń gbìn ín, nítorí ó fẹ́ràn òtútù ibi gíga.

Ohun tí afẹ́fẹ́ kò rí jẹ nínú gíríìn tíì ni à ń pè ní kátẹ́kìnì. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni EGCG. Ife kan tó tó mílílítà 240 sábà máa ń ní EGCG bíi mílígíráàmù 50 sí 100, àti káfíìnì bíi 30. Bí ewé bá ṣe dára sí, bí omi bá ṣe gbóná sí, bí ó bá ṣe pẹ́ tó nínú omi, ni iye náà á ṣe lọ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló jọ pé ó ń gbà ṣiṣẹ́. Nínú ìfun, ó ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń gé ọ̀rá oúnjẹ lọ́wọ́, kí díẹ̀ nínú ọ̀rá náà lè bá ìgbẹ́ lọ. Nínú ẹ̀dọ̀, ó ń ta ohun kan tí wọ́n ń pè ní AMPK jí, èyí tó dà bí mítà iná nínú sẹ́ẹ̀lì: bó bá ti tàn, sẹ́ẹ̀lì á dín ọ̀rá tó ń ṣe kù, á sì máa jó èyí tó wà nílẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ló wù wá jù láti ṣàlàyé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ìfun ló ya àwọn kòkòrò tó ń gbé inú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ ọlọ́ràá àti ara sísanra máa ń jẹ́ kí ògiri yìí lanu díẹ̀díẹ̀. Májèlé láti ara àwọn kòkòrò náà á gba ojú àlàfo yẹn wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìṣàn tó ń kúrò nínú ìfun á sì gbé e lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti wọ̀ tẹ́lẹ̀, bí májèlé bá tún ń kán sí i lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ wú. Kátẹ́kìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Inú ìfun ni èyí tó pọ̀ jù ń dúró sí, ó sì jọ pé ibẹ̀ ló ti ń bá wa dí ògiri náà.

Ohun tí eku rí, ohun tí ènìyàn rí

Àwọn eku ni ìròyìn ayọ̀ ti wá. Ní 2019, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fún àwọn eku ní oúnjẹ ọlọ́ràá fún ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn tí wọ́n po ìṣù gíríìn tíì (agbára ewé náà tí wọ́n fà jáde) mọ́ oúnjẹ fún sanra dín ní bíi ìdá 20 nínú 100 sí àwọn tó kù, ìfun wọn kò sì jò tó ti wọn. Ní 2020, àwọn ará Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣe tiwọn fún ọ̀sẹ̀ 16. Eku tó jẹ gíríìn tíì tó sì ń sáré lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ti èyí tí kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Èyí tó jẹ tíì nìkan, tàbí tó sáré nìkan, ti tirẹ̀ jẹ́ bíi ìdajì. Nínú gbogbo ìwádìí eku, ìyẹn ló yẹ ká fi sọ́kàn jù, nítorí eré sísá nìkan ṣe tó ohun tí tíì nìkan ṣe, owó kò sì jáde lórí eré sísá.

Kí a wá wo ìwọ̀n. Ohun tí àwọn eku ti Ohio jẹ, bí a bá gbé e sí ìwọ̀n ènìyàn, á tó bíi ife 10 lóòjọ́. Ta ló ń mu bẹ́ẹ̀?

Lára ènìyàn, ìwádìí kò pọ̀, wọ́n sì kéré. Ní Japan ní 2013, ènìyàn 17 tí ọ̀rá wà lẹ́dọ̀ wọn mu mílílítà 700 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn tí kátẹ́kìnì inú tiwọn lé ní gíráàmù 1, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ wọn dín kù lójú sìkáànì, ALT wọn náà sì wálẹ̀. Ènìyàn 17, tí wọ́n tún pín sí ọ̀nà mẹ́ta, kò tó láti fi ṣe òfin. Ìwádìí kan láti Iran fún àwọn aláìsàn ní mílígíráàmù 500 ìṣù gíríìn tíì lójúmọ́ fún 90 ọjọ́, ALT àti AST wọn wálẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará Ohio yẹn náà padà wá dán an wò lára ènìyàn 40 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìwọ̀n tó tó ife 5 lóòjọ́. Ní 2022 wọ́n ròyìn pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn rẹlẹ̀ díẹ̀ àti pé ìwú inú ìfun wọn dín kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò lè sọ ohunkóhun nípa àpá inú ẹ̀dọ̀, tó jẹ́ pé ọdún púpọ̀ ló fi ń hù.

Ti ara sísanra ńkọ́? Ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn ni láti kó ìwádìí jọ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, gbé àbájáde tiwọn jáde ní 2012. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn odi Japan, ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn tó lo gíríìn tíì àti àwọn tí kò lò ó jẹ́ kílò 0.04. Gíráàmù 40 nìyẹn. Ẹyin adìyẹ kan wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kápúsù

Ibi tó yẹ ká tẹ̀ mọ́ gidigidi nìyí. Nígbà tí ife tíì kò bá yára mú ìrètí ṣẹ, àwọn ènìyàn á wá èyí tó le: ìṣù gíríìn tíì inú kápúsù tí wọ́n kọ "fat burner" sí lára. Ní 2003, wọ́n kó ọ̀kan nínú irú rẹ̀, Exolise, kúrò lọ́jà ní France àti Spain nítorí ẹ̀dọ̀ àwọn tó lò ó. Ní 2018, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù, EFSA, sọ pé EGCG tó bá tó mílígíráàmù 800 lójúmọ́ láti inú kápúsù lè jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ ga, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ ń fara pa. Wọ́n sọ pé tíì tí a rẹ nínú omi kò ní ewu yẹn ní gbogbogbòò. Ní Minnesota, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn obìnrin tó ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù ní EGCG mílígíráàmù 843 lójúmọ́ fún ọdún kan. Bíi 5 nínú 100 wọn ni ALT wọn ga dé ibi tó ń bani lẹ́rù; láàrin àwọn tí wọn kò fún, kò tó ẹyọ 1 nínú 100.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti inú ife, mílígíráàmù 800 yóò gba ife 8 sí 16, a ó sì fi ọjọ́ kan gbáko mu wọ́n. Láti inú ìgò kápúsù, hóró méjì tàbí mẹ́ta lè gbé e wọ ikùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀dọ̀ tó lè ru ẹrù náà ní díẹ̀díẹ̀ lè ṣubú lábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá jù ú lé e lórí. Ó tún burú sí i bí inú bá ṣófo, nítorí EGCG tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ á wá pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó fẹ́ jò, ebi ló máa ń fi lò ó, nítorí pé ohun tí àwọn olùtajà ń sọ fún un nìyẹn: "Lò ó kí o tó jẹun." Àwọn kan tún wà tí àbùdá tí a bí mọ́ wọn, HLA-B*35:01, mú kí ẹ̀dọ̀ wọn tètè bínú sí ìṣù yìí. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá òun ní i kó tó gbé e mì.

Láti 2022, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ni pé kápúsù irú èyí kò gbọ́dọ̀ fún ènìyàn ní EGCG tó tó mílígíráàmù 800 lójúmọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé aláboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ tí kò tíì pé 18 àti ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo kò gbọ́dọ̀ lò ó. Nínú ọjà tiwa, ọ̀pọ̀ páálí kì í sọ iye EGCG rárá. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ wá iye mílígíráàmù EGCG gan-an. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá sí, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ọ̀rọ̀ "slimming tea" tún yàtọ̀. Bí ẹ bá ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ẹ ó rí i pé sẹ́nà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ewé tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́. Kílò méjì tó lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, omi àti ìgbẹ́ ni. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ jókòó sí àyè rẹ̀. Tí ẹni náà bá mu omi, kílò náà á padà. Agbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, àwọn tí à ń pè ní paraga, kò sí ìdí kankan tí ẹni tí ọ̀rá wà lẹ́dọ̀ rẹ̀ fi lè fẹnu kàn án.

Bí a ṣe ń rẹ ẹ́ kó lè wúlò

Píọ̀ wọ́tà kan, 50cl, tó fún ife méjì. Ẹ sè é kó hó, ẹ pa iná, ẹ ṣí ìdérí kẹ́tù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4 tàbí 5 kí ooru rẹ̀ lè wálẹ̀ sí bíi 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tó ṣì ń hó ń yọ ìkorò jáde, ìkorò náà ló ń sún àwọn ènìyàn dé ìdí ṣúgà. Ẹ da omi lé báàgì kan, tó máa ń jẹ́ gíráàmù 2, nínú ife kọ̀ọ̀kan. Ẹ dé e, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Tí kò bá tó 2, kátẹ́kìnì púpọ̀ á ṣẹ́kù sínú báàgì. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú fláàsì láàárọ̀ kí ẹ máa mu ún títí di alẹ́. Bó ṣe ń pẹ́ nínú ooru ni agbára rẹ̀ ń lọ.

Ẹ má da mílíìkì sí i, nítorí àmúaradàgbà inú mílíìkì máa ń di kátẹ́kìnì mú. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ dára, ó ń jẹ́ kí kátẹ́kìnì pẹ́ kó tó bàjẹ́ nínú ìfun. Ní ti ṣúgà, kúbù mẹ́ta nínú ife, ife mẹ́ta lóòjọ́, ìyẹn kúbù 9, ó ti sún mọ́ gíráàmù 36. Ẹni tó ń fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú ẹ̀dọ̀ ń fi ọwọ́ kan gbá ilẹ̀, ó ń fi èkejì da ìdọ̀tí sí i. Oyin náà, ṣúgà ni lójú ẹ̀dọ̀.

Ife 2 sí 4 lóòjọ́ tó. Kí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, torí pé tíì máa ń dí irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà lọ́wọ́ kó má wọ ara, ọ̀rọ̀ tó kan obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù àti aláboyún gan-an. Ẹni tí kì í rí oorun sùn, kí ife ìkẹyìn rẹ̀ má kọjá agogo 3 ọ̀sán. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, nadolol, tí àwọn ará Japan dán wò ní 2014: mílílítà 700 gíríìn tíì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì mú kí èyí tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ dín ní nǹkan bí ìdá 85 nínú 100. Ẹni náà á rò pé òun ń lo oògùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa ru.

Ohun tó ń kó ọ̀rá jáde

Kílò ni. Ẹni tó bá fi ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á dín kù. Bó bá tó 7, ìwú ẹ̀dọ̀ náà á máa rọlẹ̀. Bó bá tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpá fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ lára ọ̀pọ̀. Fún ẹni tó wọn kílò 95, ìyẹn jẹ́ kílò 4.75, lẹ́yìn náà 6.65, lẹ́yìn náà 9.5. Kí ó má ju bíi ìdajì kílò sí kílò kan lọ lọ́sẹ̀. Ebi àpafẹ́ẹ̀ẹ́kú máa ń da ọ̀rá púpọ̀ sórí ẹ̀dọ̀ lójijì, ó sì lè dá òkúta sínú àpò òróòro.

Ẹ má bínú, a ní láti sọ̀rọ̀ iyán. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, a kò sì ní sọ fún ọmọ Èkìtì pé kó má jẹ iyán. Iye ni ọ̀rọ̀ wà. Iyán tó wọn ìdajì kílò sún mọ́ kálórì 550, láìtíì ka ọbẹ̀, ẹran àti epo. Bàbá àgbà tó ń jẹ ẹ́ láyé àtijọ́ ti fi ẹsẹ̀ lọ oko, ó kọ ebè, ó sì fi ẹsẹ̀ bọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba ní Adó láti agogo 8 dé 4, tó gun ọ̀kadà lọ tó gùn ún bọ̀, ń jẹ òkèlè kan náà ní agogo 9 alẹ́, ó sì lọ sùn. Kí ó jẹ́ ọ̀sán ni yóò máa jẹ ẹ́, kí ó má ju ìkúùkù ọwọ́ méjì lọ, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju iyán lọ lójú abọ́. Mínírà tí à ń fi tì í wálẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kúrò. Ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 50. Ibí gan-an ni gíríìn tíì ti wúlò jù lọ: ó jẹ́ ohun mímu tó ní adùn tirẹ̀ tí kò sì ní ṣúgà.

Ẹsẹ̀ rírìn fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n tí ènìyàn lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ń dín ọ̀rá ẹ̀dọ̀ kù kódà bí kílò kò bá tíì lọ. Ìlú olókè bíi Adó àti Ìkẹ́rẹ́ tilẹ̀ ṣàǹfààní níbí, òkè gígùn yá ju ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ. Kọfí tí kò ní ṣúgà pàápàá ní ẹ̀rí tó ju ti gíríìn tíì lọ: ìwádìí púpọ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn fi hàn pé àwọn tó ń mu ún bíi ife mẹ́ta lóòjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àpá nínú ẹ̀dọ̀.

Oògùn pàtó ti wà fún ẹni tí àpá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀dọ̀ náà kò tíì gan. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí resmetirom ní oṣù kẹta 2024, wọ́n sì fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ semaglutide fún un ní oṣù kẹjọ 2025. Owó wọn wọ́n, dókítà ẹ̀dọ̀ ló sì yẹ kó kọ wọ́n fún ènìyàn.

Ẹni tó ti ń lo kápúsù gíríìn tíì lọ́wọ́, kí ó dá a dúró, kí ó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ALT. Tí ojú bá pọ́n bí àwọ̀ ìbẹ́pẹ pípọ́n, tí ìtọ̀ bá dúdú bí omi Lipton, tí ara bá ń yún, tí ìhà ọ̀tún lókè ikùn bá ń wúwo, kí ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé ìgò kápúsù náà àti páálí rẹ̀ dání lọ sí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú gbogbo agbo tàbí oògùn mìíràn tí aláìsàn náà ti lò láàrin oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, nítorí ohun tí wọ́n kọ sí ara wọn ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.